Bọ́ọ̀lù Tí Ẹ Fẹ́ Kí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń pidán níbi ọjọ́ ìbí, níbi ìgbéyàwó àti níbi àpèjẹ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo káàkiri Port Harcourt, láti Diobu dé Trans-Amadi, láti Borokiri dé Rumuokoro, mò ń gbọ́ ìròyìn yín, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ìka yín yá, ẹnu yín dùn, àwọn ọmọdé kì í fẹ́ kí ẹ lọ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti ìka, kì í sì í ṣe ti ẹnu. Ti bọ́ọ̀lù sílíkóònù ni, àwọn bọ́ọ̀lù kékeré tó ń di méjì, tó ń di mẹ́rin láàárín ìka yín: bí a ṣe ń fọ̀ wọ́n, bí a ṣe ń sá wọn, àti bí a ṣe ń tọ́jú wọn nínú ìlú tí èéfín kì í jẹ́ kí ohun funfun pẹ́ ní funfun. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí mo ti rí onídán tó mọṣẹ́ dunjú, tí àwọn ènìyàn kò sì gba ohun tó nà sí wọn.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń fọ bọ́ọ̀lù fún.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó ń wo onídán kì í fi gbogbo ara gbà pé eré ni. Àwọn àgbà ṣì ń rántí Professor Peller, onídán ọmọ Ìṣẹ́yìn tí wọ́n bí ní 1941. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ idán ní Íńdíà ní 1964, ó lo oṣù 18 níbẹ̀, ó sì ṣe eré ní òtẹ́ẹ̀lì Federal Palace ní Èkó ní 1966. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn, títí di ọjọ́ 2 oṣù Ògún 1997 tí àwọn agbanipa fi yìnbọn pa á ní Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé oògùn ló ń lò. Èrò yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní Port Harcourt, níbi tí Ìkwéré, Ìjọ, Ògóni, Ìgbò, Yorùbá àti Hausa jọ ń ṣe àríyá lábẹ́ ìbòrí kan náà, kò sí ẹ̀yà tí kò ní ìtàn tirẹ̀ nípa ohun tí wọ́n fi léni lọ́wọ́ tó wá di wàhálà.

Nígbà tí ẹ bá wá sọ fún ìyá kan pé kó na ọwọ́, kó di bọ́ọ̀lù mú kó má là á, ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Bí bọ́ọ̀lù náà bá mọ́ tónítóní, tó gbẹ, tí kò rùn, á rẹ́rìn-ín, á sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sọ ọ́ sílẹ̀, á sì nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ohun tó ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ti rí ẹ̀rí. Kò sí bí ìka yín ṣe lè yá tó tí ẹ fi lè gba ìyá yẹn padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ara idán ni fífọ bọ́ọ̀lù. Ìgbà tí ẹ bá wà nídìí bàsíà ni eré ti bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Sílíkóònù kì í ṣe rọ́bà tí wọ́n ń dá lára igi. Èròjà tó wà nínú yanrìn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní silicon, ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn àti èròjà mìíràn, tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà láàárín àwọn ọdún 1940. Oòrùn tí ń mú kí rọ́bà igi sán kì í tètè rí i gbé ṣe. Omi kì í wọ inú rẹ̀. Ó lè fara da ooru tó tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í ṣe agolo àkàrà òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ó ní àìlera mẹ́ta. Ó máa ń fa eruku mọ́ra. Ó máa ń mu epo àti òórùn. Bó bá sì ti ya díẹ̀, yíya náà kì í dúró síbi kan. Ohun tó sì mú kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù, ìyẹn bó ṣe ń di mọ́ ìka tí kì í yọ̀ bọ́ bí ti igi tàbí ti ike líle, òun gan-an ló ń kó èérí bá a. Ẹ kò lè gba èyí kí ẹ kọ ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní sílíkóònù kì í ṣe sílíkóònù. Bí àbọ́kù èyí tó ti ya bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gé èérún kékeré kan lára rẹ̀, ẹ lọ sí ìta gbangba, ẹ fi ṣáná sí i. Rọ́bà àti ike á jó pẹ̀lú èéfín dúdú kìjikìji. Sílíkóònù ní tirẹ̀ á fi eérú funfun sílẹ̀. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó gbé ohunkóhun sínú omi gbígbóná, nítorí ayédèrú á yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

3. Ẹ bọ̀wọ̀ fún soot, kí ẹ sì máa ṣọ́ra fún un.

Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará Port Harcourt ti ń jí bá èérí dúdú tí wọ́n ń pè ní soot lórí fèrèsé, lára aṣọ tí wọ́n sá, nínú ihò imú àwọn ọmọ wọn. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń sè nínú igbó, èyí tí wọ́n ń pè ní kpofire, ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú epo tí àwọn agbófinró gbà tí wọ́n sì dáná sun, àti táyà tí wọ́n ń jó. Aráàlú ṣe ìwọ́de lé e lórí ní 2018. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, Nyesom Wike, tó jẹ́ Gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n wó àwọn ibùdó ìsepo náà. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa ni mò ń sọ níbi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró náà ló ń bà lé irinṣẹ́.

Soot kì í ṣe eruku lásán. Eruku ilẹ̀ a máa bọ́ bí ẹ bá da omi lé e. Soot jẹ́ èédú lẹ́búlẹ́bú tí epo tí kò jó tán wà lára rẹ̀. Omi nìkan kò ràn án, sílíkóònù sì fẹ́ràn epo. Ẹ dán an wò: ẹ gbé bọ́ọ̀lù funfun kan sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí èéfín bá pọ̀. Láàárọ̀, ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí àwọn tóótòòtó dúdú lórí ibi tó kọjú sókè, wọ́n kéré ju ata gígún lọ. Ẹ wá fi àtàǹpàkò gba ojú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tóótòòtó náà á pòórá, ilà eléérú kan á sì nà tẹ̀lé àtàǹpàkò yín. Ilà yẹn ti wọ ojú sílíkóònù, ọṣẹ yóò jìyà kó tó mú un kúrò.

Nítorí náà, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu bọ́ọ̀lù tí soot bà lé. Ẹ má fi ṣòkòtò nù ún, ẹ má fi háńkáṣíìfù nù ún. Bí ẹ bá wà lóde tí kò sí omi, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ ká a sókè. Sẹ́lótéèpù á gbé tóótòòtó náà lọ láì fà á. Ìdí nìyí tí sẹ́lótéèpù kékeré kò fi gbọdọ̀ wọ́n nínú báàgì yín.

4. Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tí kò mọ́ kò lè fọ nǹkan mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá omi tó dára. Ọ̀pọ̀ omi kànga ẹ̀rọ ní Port Harcourt ló ní irin nínú, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe ń sọ ike funfun di aláwọ̀ ìpẹtà nídìí. Omi òjò tí ẹ gbè láti orí páànù kò sàn jù ú lọ, nítorí soot tó ti sùn sórí páànù ló ń ṣàn wá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lè fi omi kànga bẹ̀rẹ̀ bó bá mọ́ gaara, ṣùgbọ́n omi píọ̀wọ̀tà ni kí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn. Ọ̀rá kan tó fún bọ́ọ̀lù mẹ́rin, ìyókù ẹ mu.

Ẹ jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, ìkán méjì tàbí mẹ́ta nínú ìdajì lítà. Irú èyí tí kò ní òórùn púpọ̀ ló dára, nítorí sílíkóònù á pa òórùn náà mọ́, ẹnì kan á sì gbọ́ òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ láti inú ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ. Hóró rẹ̀ tí kò yọ́ a máa họ ojú bọ́ọ̀lù.

Ẹ fi bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sínú omi náà kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì fọwọ́ kàn án. Ní àkókò yẹn ni ọṣẹ ń wọ abẹ́ soot, tó ń gbé e kúrò lójú sílíkóònù. Àwọn tí kò ní sùúrù ló ń fọ́ èérí padà wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé bọ́ọ̀lù náà sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pẹ̀lú ìfófó, ẹ sì yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìfófó tó kọ́kọ́ jáde á rí bí eérú. Ẹ dà á nù, ẹ gba tuntun. Nígbà tí ìfófó bá ń jáde ní funfun, ó ti tó. Ẹ má lo kànìnkànìn, ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì lo irin tí a fi ń fọ ìkòkò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èyí tó ní inú ṣíṣófo, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé n kò ní ṣàlàyé rẹ̀ lójú gbogbo ayé, òun ló ń fẹ́ ìtọ́jú jù. Ẹ fi ọmọ ìka fọ inú rẹ̀, kì í ṣe èékánná. Ibẹ̀ ni òógùn ọwọ́ máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ṣan wọ́n tán, ẹ gbọ̀n wọ́n, kí ẹ sì tò wọ́n sórí abọ́ tánńganran tó mọ́, kí inú ṣíṣófo kọjú sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún yí i padà kó kọjú sókè. Ẹ má fi táwẹ̀lì nù wọ́n, òwú rẹ̀ á lẹ̀. Ẹ má sá wọn sí ìta, nítorí ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kúrò ló tún máa bà lé wọn. Ẹ má sì gbé wọn síwájú fáànù, eruku ara irin fáànù ni yóò fẹ́ sí wọn. Inú yàrá ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ẹ ti fèrèsé, kí ẹ sì fi asẹ́ tó mọ́ dé wọn. Omi kì í wọ inú sílíkóònù, nítorí náà kì í pẹ́ gbẹ.

5. Ẹ má jẹ bọ̀ọ̀lì kí ẹ tó ṣeré.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Bọ̀ọ̀lì àti ẹja Port Harcourt kò ní ẹlẹgbẹ́, pàápàá tí wọ́n bá da ọbẹ̀ ata elépo lé e lórí. Olóde á sì fi í kí yín káàbọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá yín fi pamọ́ di ẹ̀yìn eré. Epo pupa, tòmátò àti ata lè wọ inú sílíkóònù, àwọ̀ wọn á sì wà níbẹ̀ pẹ́. Ẹ wo ṣíbí sílíkóònù tí àwọn ìyàwó ilé fi ń ro ọbẹ̀, bó ṣe ń di pupa rúsúrúsú tí ọṣẹ kì í lè dá a padà.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ohun kan wà tí a lè ṣe. Bó bá dá yín lójú pé sílíkóònù gidi ni, tí kò sí mágínẹ́ẹ̀tì, okùn tàbí irin nínú rẹ̀, ẹ fi sínú omi tó ń hó pẹ̀lú ìkán ọṣẹ kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má lo ìkòkò ọbẹ̀. Epo á jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ sì lè tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Àwọ̀ náà lè máà lọ tán, ṣùgbọ́n lílẹ̀ rẹ̀ á lọ, èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Òrí àti ìpara náà ńkọ́? Nígbà ọyẹ́, awọ ara wa ń sán, ó yẹ ká pa á. Ẹ pa á lálẹ́. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ eré, ọwọ́ gbígbẹ ni. Jẹ́ẹ̀lì apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2020 sábà máa ń ní gílísírínì nínú. Ó ń fi nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́. Ọṣẹ àti omi ló sàn fún onídán.

6. Pẹtiróòlù, kẹrosíìnì, tíńnà: rárá.

Ẹni tí ń gbé nílùú epo máa ń rò pé epo ló ń fọ gbogbo nǹkan. Sílíkóònù á mu wọ́n, á wú bí ìrẹsì inú omi, ẹ̀yin á sì rí i pé bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó dọ́gba ti di mẹ́ta àti ẹyọ kan. Bó bá tilẹ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ara rẹ̀ á ti rọ̀. Ẹ má fi faselíìnì kàn án. Ẹ má bu Jíìkì tàbí Háípò sí i. Òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ, kò sì sí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí ọṣẹ kò lè ṣe.

7. Nípa pàúdà.

Bọ́ọ̀lù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ máa ń di mọ́ ọwọ́ jù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé fífọ ló bà á jẹ́. Kò bàjẹ́, ó padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni. Ẹ fi orí ìka kan bu pàúdà díẹ̀, èyí tí kò ní lọ́fínńdà, ẹ pa á sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, kí ẹ tó yí bọ́ọ̀lù náà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí funfun lójú rẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Kí ẹ má fa pàúdà símú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ikọ́ fée.

Àwọn kan máa ń lo ìyẹ̀fun àgbàdo. Ní ibi tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó dára. Ní Port Harcourt, tí òjò ń rọ̀ láti oṣù Ẹrẹ̀nà títí wọ Bélú, ìyẹ̀fun yẹn á gba ọ̀rinrin, á dì, á sì hu èébu. N kò fọwọ́ sí i.

8. Èékánná, òrùka àti àpò.

Ẹ gé èékánná yín, kí ẹ sì yọ òrùka. Ibi tí èékánná bá ti gún sílíkóònù, ibẹ̀ ni yóò ti ya lọ́jọ́ tí ojú pọ̀ jù.

Àwọn baba wa tí wọ́n ṣe eré eégún aláré mọ̀ dáadáa pé ihò kékeré kan lè ba eré jẹ́. Ní oṣù Èrèlé 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí wọ́n ṣeré fún Aláàfin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe di erè ńlá, tí òmíràn sì jáde ní àwòrán òyìnbó. Aṣọ àti àpò wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí kòkòrò bá ti jẹ ihò kan ṣoṣo sára aṣọ yẹn, tí ojú ènìyàn bá yọ níbẹ̀, eré ti parí. Ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un kí ọjọ́ eré tó pé, Clapperton kò rí i, kò sì kọ ọ́.

Ní tiyín, ẹ má kó bọ́ọ̀lù sínú àpò ṣòkòtò pẹ̀lú owó àti kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá ike onídèérí, ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú tẹ́ inú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Èyí tó pupa kò gbọdọ̀ sún mọ́ èyí tó funfun títí láé. Kí ohunkóhun má tẹ èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, nítorí bó bá pẹ́ ní títẹ̀, kì í tètè rántí bó ṣe rí. Ẹ rí i dájú pé ó gbẹ kí ẹ tó dé ike náà pa.

9. Bọ́ọ̀lù fóòmù.

Èyí yàtọ̀. Ó ń mu omi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú omi ọlọ́ṣẹ, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín aṣọ funfun títí omi fi tán, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ kan sí méjì kó gbẹ dénú. Ọ̀rinrin ilẹ̀ Rivers máa ń jẹ fóòmù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i tó ń rún sọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má ṣe àánú rẹ̀.

10. Ọmọdé.

Wọ́n á gbé e sẹ́nu. Kò sí ohun tí ẹ lè sọ tí wọn kò ní gbé e sẹ́nu. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fún un ní bọ́ọ̀lù rárá, torí ó lè há a lọ́fun. Ẹ fún màmá rẹ̀ kó bá a dì í mú. Èyí tó bá kan ẹnu ẹnikẹ́ni, ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá, kó má padà sọ́wọ́ ọmọ mìíràn títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ máa mú bọ́ọ̀lù méjì sí mẹ́ta lọ́wọ́ ju iye tí eré nílò lọ nítorí èyí. Èyí tó bá sì ti ya tàbí tó ti wú, ẹ fún àwọn ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ ìka kí wọ́n máa fi dánra wò nílé, ṣùgbọ́n ẹ fi bírò sàmì sí i, kó má bàa ṣèèṣì bọ́ sínú ike tí ẹ ń gbé lọ sóde.